Alhaji Ọlábánjí Kírun sí Tìmùtìmù Lára

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ẹni mẹ́sàn-án ló ń wẹ òkú, tó sì ń gbẹ́ sàréè fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ní Ìwó. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ẹni kẹwàá wọn ni Alhaji Ọlábánjí Fọládé. Òun kì í wẹ òkú. Kì í gbẹ́ sàréè. Òun ni Ààrẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i bó ṣe tọ́, nítorí ó fẹ́ràn ìkíni. Ọlábánjí, Afínjú-níbi-òkú. Adé-lẹ́yìn-tí-wọ́n-ti-sin-ín. Ọkọ fọ́tò, bàbá fídíò. Ọlábánjí tí ń sunkún tí ojú rẹ̀ kì í tutù.

Òṣogbo ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tó kó bọ̀ wálé, kò pé oṣù kan tí ilé fi sú u. Níbi iṣẹ́, bó bá wọlé, gbogbo èèyàn ló ń dìde. Ní Ìwó, ẹyọ kan ṣoṣo tó ń dìde fún un ni ewúrẹ́ tó máa ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn náà sì máa ń dìde tìbínú-tìbínú.

Àsìkò yẹn ló gbọ́ nípa àwọn àgbà mẹ́sàn-án yìí. Bàbá Yẹ̀kínì, bíríkìlà tó ti gbé ṣíbí ìrẹ́lé rẹ̀ sílẹ̀, ló ń ṣáájú àwọn tó ń gbẹ́ sàréè. Ìyá Kareemah, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló ń ṣáájú àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin. Wọn kò ní ẹgbẹ́. Wọn kò ní orúkọ. Bí ẹnìkan bá kú, wọ́n á pe Bàbá Yẹ̀kínì lórí fóònù, Bàbá Yẹ̀kínì á pe àwọn yòókù, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Alhaji wo èyí, àánú wọn ṣe é. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án, wọn ò ní ààrẹ! Ó fún wọn ní ààrẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fún wọn ní orúkọ: Ẹgbẹ́ Àgbà Olùfarajìn. Ó wá rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọn yóò máa wọ̀ lé aṣọ, ó sì tẹ àwòrán ojú ara rẹ̀ sí àyà ẹ̀wù náà, eyín rẹ̀ síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ fojú inú wò ó. Bàbá rẹ kú. O ń sunkún. O gbójú sókè láti wo àwọn tó wá bá ọ gbé e, o sì rí Alhaji Ọlábánjí mẹ́sàn-án tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ.

Àwọn àgbà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀wù náà móoru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Alhaji bi wọ́n léèrè.

"Ìyá Kareemah, ẹ̀wù yín dà? Mi ò rí i lọ́rùn yín rí."

"Ó wà níbi iṣẹ́, Alhaji. Kò sí òkú tí a wẹ̀ tí a ò lò ó."

Inú Alhaji dùn. Kò mọ̀ pé ẹ̀wù náà ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀kú, nítorí kò wọ ilé ìwẹ̀kú rí.

Ọ̀nà tí Ààrẹ ń gbà ṣiṣẹ́ rèé. Ìrun òkú kì í pẹ́. Lèmọ́mù á dúró síwájú, àwọn èèyàn á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kábárá, ìyẹn ni pé wọ́n á wí pé "Aláhù Akbar", lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á tọrọ àforíjì fún òkú, wọ́n á sálámà láti fi parí rẹ̀. Ìdúró ni gbogbo rẹ̀. A kì í tẹ̀ ba, a kì í fi orí kanlẹ̀. Ọmọ ilé kéú tí kò tíì mọ álífù yàtọ̀ sí báù mọ èyí. Èèyàn kàn nílò kó ti dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni.

Ní gbogbo àsìkò tí èyí bá ń lọ, inú ọkọ̀ ni Alhaji máa ń wà, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ sí i lójú, fóònù á wà létí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, á gbé ọwọ́ sókè pé kí onítọ̀hún ní sùúrù, òun ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ bo sàréè tán ló máa ń sọ̀kalẹ̀. Abdullateef, ọkùnrin ogójì ọdún tó ń pe ara rẹ̀ ní agbẹnusọ Ààrẹ, á ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnìkan, á nù ún mọ́, á gbé e fún un. Alhaji á bu erùpẹ̀ díẹ̀, á wá dúró bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì lókè, Abdullateef á máa yà á ní fọ́tò títí á fi sọ pé, "Ó ti wọlé, sà." Á wá rọra dá erùpẹ̀ náà padà síbi tó ti bù ú.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ìyá àgbàlagbà kan kú ní apá ọ̀nà Kuta. Àwọn àgbà náà kò ní ọkọ̀. Ọmọlanke ni wọ́n fi ń gbé òkú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ sì gbé táyà kan mì. Bàbá Yẹ̀kínì ń tì í láti ẹ̀yìn, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ìyá Kareemah bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé òkú ìyá náà lórí, bí ẹni pé òtútù ṣì lè mú un.

Ọkọ̀ Alhaji dé. Ó yí gíláàsì sílẹ̀ níwọ̀nba, kí ohùn lè jáde kí òjò má sì wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere!"

"Alhaji, ẹ ṣàánú wa," Bàbá Yẹ̀kínì ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé ìyá yìí sẹ́yìn ọkọ̀ yín. Kò jìnnà mọ́."

"Áà, Bàbá Yẹ̀kínì. Tó bá ṣe tèmi ni, ẹ ò bá ti gbé e sí i. Síìtì ẹ̀yìn yìí ni. Funfun ni. Ẹ má bínú." Ó yíjú sí Abdullateef lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Lateef, ṣé ò ń ká wọn?"

"Mo ti ká a, sà. Òjò náà hàn dáadáa."

Ní ìrọ̀lẹ́, fídíò náà wà lórí Fesibúùkù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ààrẹ lábẹ́ rẹ̀: "Lónìí, nínú òjò, a tún sin ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa." A! Àwọn èèyàn kọ "Àmín" sí i títí wọ́n fi sú.

Ìyá Kareemah kò rí fídíò kankan. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń sọ fún Bàbá Yẹ̀kínì nígbà tí wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Bàbá Yẹ̀kínì, bí a ò bá rí ọkọ̀, a ò lè ṣe é kọjá ọdún yìí. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Ta ló máa wá máa sin àwọn èèyàn?"

Bàbá Yẹ̀kínì bu omi sí ẹsẹ̀ kejì. Kò mọ ẹnìkankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, kódà fún Alhaji: fídíò Abdullateef ló pe ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ Ìwó kan tó wà lókè òkun rí i. Wọn ò wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Táyà tó rì sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ní kí wọ́n tú àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ó lè gba pátákó tí wọ́n fi ń gbé òkú. Alhaja Khàdíjàh, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ní ìlú òyìnbó, ló ṣáájú wọn. Ó ní òun ń bọ̀ wá sí Ìwó fúnra òun, òun fẹ́ rí iṣẹ́ náà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é lòun yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Alhaji pe ìpàdé sí pálọ̀ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn àgbà mẹ́sàn-án náà máa jókòó síbẹ̀. Wọ́n jókòó sí etí àga, kí wọ́n má baà kó ìdọ̀tí bá a.

"Ọkọ̀ ti dé," Alhaji wí. "Mo ti ja ìjà náà fún yín. Ọgbà mi ló máa máa sùn. Mo ti kọ́ ìbòji fún un, mo ti kọ orúkọ mi sára rẹ̀ kí olè má baà gbé e."

"A dúpẹ́ o, Alhaji," wọ́n wí.

"Ohun tó kù ni kí a lò ó bí ọlọ́gbọ́n. Ṣé ojoojúmọ́ lèèyàn ń kú ní àdúgbò yìí?"

"Kì í ṣe ojoojúmọ́," Bàbá Yẹ̀kínì ní.

"Ẹ wò ó! Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá kú, kí ni ọkọ̀ ó máa ṣe? Kó máa wo ojú wa? A ó dá àga rẹ̀ padà, kó máa ná Ìwó sí Ìbàdàn. Èrò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn."

Ìyá Kareemah ló sọ̀rọ̀.

"Bí ẹnìkan bá wá kú, tí ọkọ̀ wà ní Ìbàdàn ńkọ́, Alhaji?"

"Ẹ ó pè mí lórí fóònù."

"A pè yín. Ọkọ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn."

"Kí òkú ní sùúrù díẹ̀ ni! Kí ló ń kánjú lọ ṣe?"

"Alhaji, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀."

"Ìyá Kareemah, èmi lẹ fẹ́ kọ́ nípa òkú?"

Ìyá Kareemah wo ìbọ̀sẹ̀ funfun tó wà lẹ́sẹ̀ Alhaji, ó ní rárá, òun ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí ni fóònù dún. Alhaja Khàdíjàh ni. Alhaji ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọlá fún òun.

"Alhaji, ẹ kú ìmúra. Mo fẹ́ béèrè ohun kan. Nínú iṣẹ́ yìí, apá wo ni ẹ̀yin gan-an máa ń ṣe?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Alhaja. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń di aṣọ fún wọn. Àwọn òtòṣì tí kò ní ẹnìkankan, èmi ni mo tún máa ń kírun sí wọn lára. Àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí kàn máa ń ràn mí lọ́wọ́ ni, ara wọn ò gbé e mọ́."

Àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ bàtà kò ju kan lọ láàárín wọn àti fóònù náà.

"Màṣáálàhù! Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fi hàn wá ní Sátidé tó ń bọ̀ tí mo bá dé. Àwa tí a wà lókè òkun ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa rí. Bí ẹ bá ti parí ni mo máa gbé kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́."

"Kò sí wàhálà kankan," ni Alhaji wí. Ó pa fóònù. Ó wo àwọn àgbà náà. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wa?"

Ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kan láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá Yẹ̀kínì wá sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní, "Alhaji, bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan." Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní omi inú ọ̀rá, ó ní kó máa lọ sinmi. Aṣọ lòun ń wọ̀n lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé náà, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá, ṣe dé. Ilẹ̀ iwájú mọ́ṣáláṣí kún. Àwọn obìnrin ti ọjà wá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, pẹ̀lú igbá àti abọ́ ọjà wọn. Wọ́n ta tápólì méjì. Bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, funfun báláú, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú. Ọmọlanke àtijọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rántí gbé e kúrò.

Alhaji wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó rí àwọn àgbà mẹ́sàn-án ní ìjókòó iwájú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ yín yìí ò bá kámẹ́rà mu."

Wọ́n dìde. Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn. Ó ti mọ́ wọn lára láti máa wà lẹ́yìn.

Kò sí òkú lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́. Wọ́n fi tìmùtìmù gígùn kan rọ́pò rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pátákó, wọ́n da aṣọ bò ó. Alfa Badrudeen, lèmọ́mù àdúgbò, ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé kì í ṣe ìrun tòótọ́ ni wọ́n fẹ́ kí, pé wọ́n kàn fẹ́ fi bó ṣe ń lọ hàn ni. Ó wá gbé àyè sílẹ̀ fún Ààrẹ.

"Lateef, bẹ̀rẹ̀ sí ká a. Jẹ́ kó máa lọ tààrà sórí Fesibúùkù. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, má dá a dúró."

"Mi ò ní dá a dúró, sà."

Alhaji ká apá agbádá sí èjìká. Ó dé ọ̀dọ̀ tìmùtìmù. Ó gbá aṣọ tó bò ó mú, ó sì fà á jù sílẹ̀ lódindi, ìhòòhò tìmùtìmù yọ.

"Họ̀wù!" àwọn obìnrin pariwo. "Ẹ bo bàbá náà láṣìírí!"

"Tìmùtìmù ni," Alhaji ní.

Sọ̀fíyàt tó ń ta ata fèsì láti ìdí abọ́ rẹ̀. "A mọ̀ pé tìmùtìmù ni. Àwọn tí kì í ṣe tìmùtìmù, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń tú wọn síta?"

Alhaji dá aṣọ náà padà. Ó wá omi. Kẹ́tùlù wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń rọra da omi, láti ọ̀tún wá sí òsì. Garawa náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń bu omi sínú kẹ́tùlù. Alhaji wo méjèèjì. Ó gbé garawa. Ó da gbogbo rẹ̀ lé tìmùtìmù lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì rẹ̀ sì padà wá sórí bàtà rẹ̀.

"Ó ti mọ́," ó wí.

Lábẹ́ dóńgóyárò, Ìyá Kareemah fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaja Khàdíjàh kò rẹ́rìn-ín. Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́.

"Alhaji, bí ẹ ṣe máa ń wẹ̀ wọ́n nìyẹn?"

"A ń yára ṣe é nítorí àkókò ni. Ìrun ló kàn. Ìrun gan-an ni iṣẹ́ mi."

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́sàn-án náà dìde lábẹ́ igi, wọ́n tò sẹ́yìn pátápátá. Alhaji bójú wo kámẹ́rà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Aláhù Akbar!"

Èyí dára. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká fún un níyẹn. Ó ka ohun tó kà. Ó kábárá lẹ́ẹ̀kejì.

Ó sì tẹ̀ ba. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bíi pátákó ìkọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá tú sílẹ̀ níwájú bí aṣọ fèrèsé.

Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ láàárín gbogbo èèyàn tó dúró ṣánṣán.

"Sùbúhánálàhì!" ni Alfa Badrudeen wí jẹ́jẹ́. Bí ẹni tó ń ṣáájú ìrun bá ṣèèṣì, ohun tí wọ́n fi ń pè é padà láti ẹ̀yìn nìyẹn.

"Sùbúhánálàhì!" ni gbogbo èèyàn gbè é.

Alhaji gbọ́ ọ. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín. Orí rẹ̀ wú nínú fìlà níbẹ̀. Ó nàró, ó kábárá, ó sì lọ sílẹ̀ pátápátá: orúnkún, ọwọ́, iwájú orí. Ó fi orí kanlẹ̀ níwájú tìmùtìmù tútù náà. Nítorí pé ó mọ̀ pé kámẹ́rà ń ká òun, kò tètè dìde. Ó pẹ́ níbẹ̀, bíi walíyù, ẹni Ọlọ́run. Fìlà rẹ̀ yọ, ó yí lọ, ó sì gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ tìmùtìmù yẹ kó wà.

Abdullateef ní tirẹ̀ ò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ó fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀, fóònù Alhaji sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ mì. Ó dúró ní ìlàjì, ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí inú ń run.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí àwọn obìnrin wà. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ẹ̀rín téèyàn ti ń pa mọ́ra láti bí ọdún kan ni. Ó kọjá lára wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó kọjá lọ́dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé kéú, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń nàka.

Alhaji gbé orí sókè. Iyanrìn wà níwájú orí rẹ̀, róbótó bíi owó ẹyọ.

"Kí ló dé?" ó béèrè.

Alhaja Khàdíjàh sún mọ́ ọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi bi í.

"Alhaji, ẹ dákun. Gbogbo àwọn òtòṣì tí ẹ ti kírun sí lára, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń forí kanlẹ̀ níwájú wọn?"

"Rárá, rárá. Èyí... torí pé a kàn ń fi hàn yín ni."

"Òkú mélòó lẹ ti dúró sí ìdí ìrun wọn rí?"

Alhaji wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo Abdullateef, bóyá ìyẹn lè fèsì. Abdullateef ṣì ń ká a lọ. Wọ́n ti ní kó má dá a dúró.

"Lateef," Alhaji ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "pa á."

"Mo ti fẹ́ pa á, sà. Àwọn èèyàn tó ń wò ó ló ń pọ̀ sí i."

Sọ̀fíyàt kígbe láti ìdí ata: "Tìmùtìmù dúpẹ́ o, Alhaji! Ó ní Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín!"

Ibẹ̀ ni fóònù kan dún. Ti Bàbá Yẹ̀kínì ni. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Inálílàhì. A ń bọ̀." Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹnìkan ti lọ, lọ́nà Ilé-Ogbó." Kò tún sọ ohun mìíràn. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yòókù tẹ̀ lé e.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì funfun náà kọjá, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ kan Bàbá Yẹ̀kínì léjìká, ó sún un kúrò. Wọ́n lọ tààrà sí ìdí ọmọlanke. Bàbá Yẹ̀kínì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí tì í.

Ẹ̀rín dá ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Alhaja Khàdíjàh sáré tẹ̀ lé wọn.

"Bàbá, ẹ̀yin bàbá, níbo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ẹnìkan ló kú, ọmọ mi. A ò fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

Bàbá Yẹ̀kínì wo ọkọ̀ náà. "Wọn ò tíì fún wa," ó ní.

Alhaja Khàdíjàh kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, òun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti bímọ, ó na kọ́kọ́rọ́ sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Yẹ̀kínì gbà á, ó yí i wò, ó sì gbé e fún Bàbá Àyàndìran, ọ̀kan nínú wọn tó ti fi lọ́rì wíwà jẹun kó tó darúgbó. Ìyẹn fa rìbọ́ọ̀nù já bí ẹni fa okùn ewúrẹ́ já, ó wọlé, ó sì tan ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ Alhaji wà lẹ́yìn tápólì, àga àti èèyàn ti dí i mọ́. Kò síbi tó lè gbà. Alhaji dúró láàárín ọjà àti mọ́ṣáláṣí, láìsí fìlà, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bàbá Yẹ̀kínì yọjú láti inú bọ́ọ̀sì.

"Alhaji, ẹ wọlé. Ó ṣì ku àyè kan."

Àyè tó kù náà wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìgbókùú. Alhaji wọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ààrẹ yóò dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Bàbá Yẹ̀kínì fún un ní ṣọ́bìrì. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Alhaji bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní fóònù òun ń dún, ó jáde lọ dá a lóhùn. Fóònù rẹ̀ wà ní Ìwó, lọ́wọ́ Abdullateef. Ọ̀kadà ló gùn padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí i níbi òkú mọ́. Ìbòji tó kọ́ ṣì wà nínú ọgbà rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Ewúrẹ́ ti ń sùn níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì náà ń ṣiṣẹ́. Kò tíì ná Ìbàdàn rí. Àmọ́ bọ́ọ̀sì kì í gbẹ́ sàréè. Wọ́n ṣì jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ̀yìn Bàbá Yẹ̀kínì kò san.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, o ti wo fídíò náà. Má purọ́. O rẹ́rìn-ín, o fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tìrẹ sábẹ́ rẹ̀. Apá rẹ le, orúnkún rẹ ń ká, ẹ̀yìn rẹ kò dùn ọ́. Àwọn àgbà mẹ́sàn-án yìí ló máa sin bàbá rẹ. Sọ fún mi, ta ló máa sin àwọn?

Àyè ẹni kẹwàá ṣì ṣófo. Ní òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, wá sábẹ́ dóńgóyárò iwájú mọ́ṣáláṣí. Mú ṣọ́bìrì tìrẹ dání, tiwọn kò tó. Fi fóònù rẹ sílé.